Wáyà HDMI sí DVI fún mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀: ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà, láti fi so lápútọ́ọ̀pù tuntun mọ́ mọ́nítọ̀ àtijọ́, wáyà yìí ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Ọdún 1999 ni DVI, ihò àwòrán ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ àtijọ́, jáde, HDMI ti lápútọ́ọ̀pù tuntun dé ní 2002, TMDS kan náà, ìyẹn ọ̀nà ìfi-àmì digital ránṣẹ́, sì ni àwọn méjèèjì fi ń gbé àwòrán. Nítorí náà kò sí chip nínú rẹ̀, kò nílò iná, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní DVI náà sì lè fi í gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra èyí tó gbówó lórí kí àwòrán lè mọ́ sí i, ẹ má dá a lóhùn.

Orí DVI rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. 24+1 tàbí 18+1 ni kí ẹ mú: pin 24 tàbí 18, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. 24+5 tún ní pin mẹ́rin tó yí irin pẹlẹbẹ yẹn ká. Ti analog ni wọ́n, mọ́nítọ̀ DVI-D (èyí tó ń gba digital nìkan) kò sì ní ihò wọn. Ẹ fi ipá tì í, pin á wọ́. Kí ẹ sì fún síkúrù méjèèjì: orí náà wúwo, tó bá ti dẹ̀, àmì wẹ́wẹ́ á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú àwòrán.

Tó bá ń kọ “No Signal”, ẹ fi bọ́tìnì Input mú DVI, kí ẹ wá tẹ Windows àti P lórí lápútọ́ọ̀pù. Mọ́nítọ̀ DVI kì í gba ohùn, ẹ ki spíkà bọ ihò earpiece lápútọ́ọ̀pù. Fíìmù tí wọ́n fi HDCP (àgádágodo tó ń dènà àdàkọ) tì kò ní hàn lórí mọ́nítọ̀ tí kò mọ HDCP.

1920×1200 ní 60 Hz ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó ní Dell 3007WFP, tó jẹ́ 2560×1600, kò ní rí àwòrán náà pé, torí dual-link (DVI tó ń gbé àmì gba ọ̀nà méjì) nìyẹn ń fẹ́.

Bó bá jẹ́ VGA (ihò àtijọ́ tó ń gba analog) nìkan ló wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ yín, wáyà yìí kò wúlò fún yín. Adapter HDMI sí VGA tó ní chip ni kí ẹ rà. Ara HDMI ló ti ń mu iná 5V, 55 mA péré sì ni òfin HDMI fi dáni lójú. Èyí tó ní ihò micro-USB fún iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ bèèrè, kí àwòrán má baà máa ṣẹ́jú.