Ẹni tó bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó, Ìkòròdú

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ márùn-ún ni mo fi ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn ní Ìkòròdú. Ubuntu 18.04, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló wà lórí gbogbo wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi tò wọ́n ti pa àtúnṣe tó máa ń wọlé fúnra rẹ̀, ó ní kó má baà jẹ dátà. Ọ̀kan ló ń fà tìkọ̀ tí mo fi kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Sábó.

Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tú nǹkan kan. Ó ní kí n wọlé pẹ̀lú orúkọ táwọn oníbàárà mi ń lò, èyí tí kò láṣẹ kankan, kí n tẹ sudoedit -s /. Èsì tó jáde bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "sudoedit:". Ó mi orí.

"Màmá, ihò wà níbí o. Ẹni tó bá jókòó síbí lè sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá kọ̀ǹpútà yín láì mọ pásíwọ́ọ̀dù."

Àyà mi já. Sátífíkéètì àti fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀!

Ó bi mí pé tí mo bá ń rọ epo sínú ìgò tí mi ò wo ọrùn ìgò ńkọ́. Epo á kún, á ṣàn ba ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́. Bí sudo, ètò tó ń fún èèyàn láṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà, tí sudoedit tí mo tẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀, ṣe ń ṣe nìyẹn: tí ohun téèyàn tẹ̀ bá parí sí àmì backslash (\) kan ṣoṣo, kò ní mọ ibi tó yẹ kó dúró, á máa dà á lọ kọjá àyè tó pèsè sílẹ̀ nínú mẹ́mórì. Oṣù Keje 2011 ni àṣìṣe náà wọ inú rẹ̀, Qualys, ilé iṣẹ́ kan tó ń wá irú ihò bẹ́ẹ̀, ò sì tú u fó títí di oṣù Kìíní 2021. Baron Samedit ni wọ́n pè é.

Lẹ́yìn tó tún un ṣe, mo rí i pé sudo ṣì ń pe ara rẹ̀ ní 1.8.21p2 bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì bi í bóyá ó ṣe é lóòótọ́. Kò bínú. Ó ní Ubuntu kàn máa ń lẹ àtúnṣe mọ́ ti àtijọ́ ni, kí n tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, "usage:" ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí màrààrún.

₦2,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó náà ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé dátà tèmi ló fi ṣe é láì kọ́kọ́ sọ fún mi, wákàtí méjì tó dá sì di ìrọ̀lẹ́. Kó máa sọ ọ́ ṣáájú. Ó ní àtúnṣe tí Ubuntu ń ṣe fún gbogbo ẹni tó ń lo 18.04 ti dópin ní 2023, kí n máa kó wọn bọ̀ ní méjì méjì kó bá mi gbé Ubuntu tuntun sí i. Méjì àkọ́kọ́ ń lọ ní Sátidé.