College Navigator: ìkànnì tó ń ka orí akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, fún ẹni tó ń wò ó láti Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Houston tàbí àbúrò ní Bronx á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù: "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ wọ community college. Ọdún méjì péré ni, owó rẹ̀ kò pọ̀, lẹ́yìn náà á kọjá sí yunifásítì." Ìmọ̀ràn náà kò burú. Àmọ́ ó yẹ kí òbí tó wà ní Àjàṣẹ́, Ìṣakẹ́tẹ̀ tàbí Kétu mọ̀ bóyá àwọn tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dárúkọ yẹn ń kọjá lóòótọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ìkànnì kan fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: College Navigator, ní nces.ed.gov/collegenavigator. Ọ̀fẹ́ ni. Kò bèèrè orúkọ, kò bèèrè ímeèlì, kò sì bá ilé-ìwé kankan polówó. A gbẹ́kẹ̀ lé e ju ìwé pélébé tí àwọn aṣojú ilé-ìwé ń pín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn mú iye tó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ á ṣìnà, nítorí pé ìdá kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ènìyàn tí wọ́n kà sí i àti àwọn tí wọ́n yọ kúrò.

Ibi tí òǹkà náà ti ń wá ló fún un níyì. Ilé-ìwé tó bá ń gba owó ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ òfin láti máa fi iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí NCES, ẹ̀ka òǹkà ti Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní IPEDS. Gbogbo wọn ló ń dáhùn ìbéèrè kan náà, nítorí náà a lè fi kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wé òmíràn.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé sínú àpótí, tàbí kí ẹ yan ìpínlẹ̀, kí ẹ sì mú "Public" àti "2-year". Níbi yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ti ń fúnni ní oyè bachelor, ìyẹn oyè yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, kódà kó jẹ́ díẹ̀, "4-year" ni IPEDS ń kọ ọ́ sí. Miami Dade College, tí gbogbo ayé mọ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, kò ní jáde tí ẹ bá mú "2-year" nìkan. Ẹ mú méjèèjì, kí ẹ wá fi ojú ṣà wọ́n. Lẹ́tà ojúewé náà kéré lórí fóònù. Ẹni tó bá lè lo kọ̀ǹpútà ní sáíbà ní Wàǹdó á rí i dáadáa, á sì lè kó àwọn ilé-ìwé tó yàn sínú tábìlì kan láti fi wé ara wọn nílé láìsí mẹ́gà.

Ẹ ṣí abala "Enrollment". Iye gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ hàn, iye yẹn sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu ní ìlú ńlá. Ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tí wọ́n ń kà sí akẹ́kọ̀ọ́ community college ló jẹ́ ọmọ ilé-ìwé girama tó ń gba kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì kí wọ́n tó jáde girama. Ní ìgbà ìwọ́wé 2020, nígbà àrùn Kòrónà, iye akẹ́kọ̀ọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Láti 2023 ó ti ń gòkè padà, àwọn ọmọ girama yìí sì wà lára ohun tó gbé e sókè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí iye rẹ̀ ń pọ̀ lè máà ní ẹni púpọ̀ tó ń lépa oyè.

Ìlà tó kàn ni "Full-time" àti "Part-time". Ó lé ní ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ community college jákèjádò Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, kọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ọmọ tó wọlé pẹ̀lú físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò ní àǹfààní yẹn: ó gbọ́dọ̀ gba kírédíìtì 12 ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè kà mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ wo ìlà "Distance education" pẹ̀lú. Bí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan bá pọ̀ jù, ẹ béèrè bóyá kọ́ọ̀sì inú kíláàsì wà fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín fẹ́.

Ohun tí àwọn ará ilé wa ń ṣì kà jù lọ ni òǹkà ẹ̀yà. Wọ́n á rí "Black or African American" níbi tó ga dé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ní ọmọ Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, ọmọ wa á rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó ní físà F-1 kò sí nínú ìlà yẹn rárá. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ ni wọ́n ń kà síbẹ̀. Ìlà "U.S. Nonresident" ni tirẹ̀ wà, pẹ̀lú ọmọ Ṣáínà, ọmọ Íńdíà àti ọmọ Brazil, àwọ̀ ara kò kan ìlà yẹn. Tí ìlà náà bá jẹ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè má ju ẹyọ kan lọ, kó sì ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Tí ó bá pọ̀ díẹ̀, bíi ti Houston Community College tó ti pẹ́ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lọ́pọ̀, ọ́fíìsì náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé bákì.

Abala "Retention and Graduation Rates" ni ọkàn ọ̀rọ̀ gan-an. Iye méjì wà níbẹ̀ tí ó yẹ ká kà pọ̀: "graduation rate" àti "transfer-out rate". Àwọn tí wọ́n kà ni àwọn tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìyẹn, tí wọ́n gba kọ́ọ̀sì kíkún ("full-time"), tí wọ́n sì ń wá oyè. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún wọn láti parí oyè ọlọ́dún méjì. Ẹni tó parí wà ní "graduation", kódà tó bá lọ sí yunifásítì lẹ́yìn náà. Ẹni tó kúrò láìgba oyè tó sì wọ ilé-ìwé mìíràn wà ní "transfer-out". Ẹnì kan kò lè wà níbi méjèèjì, nítorí náà a lè rò wọ́n pọ̀. Ká ní 28 parí nínú ọgọ́rùn-ún, tí 18 sì ṣí lọ: 46 ni, kì í ṣe 28. Ìdí nìyí tí iye àwọn tó parí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ńlá fi ń dà bí ohun ìtìjú lójú ẹni tó kà á lásán: ọ̀pọ̀ ló ti kọjá kí wọ́n tó gbàwé ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n "transfer-out" kò sọ ibi tí wọ́n lọ. Ó lè jẹ́ yunifásítì, ó sì lè jẹ́ community college mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kò sọ bóyá wọ́n parí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló sì ń kọ ọ́. Òfìfo kì í ṣe òdo. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sókè àwòrán náà pẹ̀lú, torí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 bá àrùn pàdé, òǹkà wọn kò lè dà bíi ti ẹlòmíràn. Àwòrán kan wà tó pín iye àwọn tó parí sí ẹ̀yà, "U.S. Nonresident" sì wà níbẹ̀. Ó wúlò fún wa, àmọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn àlejò wọn kò ju mẹ́wàá lọ lọ́dún, ẹnì kan tó bá padà sílé á mú iye náà já wálẹ̀ ní ìdá 10.

Abala "Outcome Measures" gbòòrò ju èyí lọ. Ó ka àwọn tó ń gba kọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ àti àwọn tó ti ilé-ìwé mìíràn wá, ó sì tẹ̀lé wọn fún ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó ti lo ọdún kan ní yunifásítì Calavi kó tó lọ, ibẹ̀ ni kó ti wá ara rẹ̀, torí wọn kò ní kà á sí ẹni tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí la wá retí? Ìwádìí Community College Research Center ti Columbia tó jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní community college ló kọjá sí yunifásítì, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì gba bachelor láàárín ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọlé pẹ̀lú èrò láti gba oyè náà. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ara ohun tó ń fà á ni kírédíìtì tó ń sọnù lọ́nà: ọ́fíìsì ìṣirò GAO ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ ní 2017 pé àwọn tó ń pààrọ̀ ilé-ìwé ń pàdánù nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún kírédíìtì wọn. College Navigator kò fi èyí hàn rárá, àléébù rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn lójú tiwa. Abala "Programs/Majors" ń kọ "Associate" fún gbogbo oyè ọlọ́dún méjì, kò ya AA àti AS, tí a ṣe fún lílọ sí yunifásítì, kúrò lára AAS, tí a ṣe fún iṣẹ́ ọwọ́ tí yunifásítì sì máa ń kọ púpọ̀ nínú kọ́ọ̀sì rẹ̀. Inú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ni ẹ ti máa rí i. Ní New York, CUNY, àgbájọ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà, tó ní community college méje, ní ìkànnì Transfer Explorer: ẹ kọ kọ́ọ̀sì kan síbẹ̀, á sọ ohun tí yunifásítì CUNY kọ̀ọ̀kan máa kà á sí. Ìrànwọ́ gidi ni.

Ẹ ṣọ́ra fún kírédíìtì fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, lísáǹsì jẹ́ kírédíìtì 180 ní ọdún mẹ́ta, 60 lọ́dún. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni oyè ọlọ́dún méjì, 120 ni bachelor. Ẹni tó bá rí 60 tó rò pé iṣẹ́ ọdún kan ni, á ṣírò owó rẹ̀ ní ìdajì.

Abala owó: ẹ fi "Net Price" sílẹ̀. Àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì ń san owó ọmọ ìpínlẹ̀, ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ní F-1 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba àpapọ̀. "Out-of-state" ni kí ẹ kà. Ní community college CUNY, $320 ni kírédíìtì kan fún àlejò. Kírédíìtì 30 lọ́dún jẹ́ $9,600. Bí dọ́là bá wà ní 600 sẹ́fà, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀, ilé àti oúnjẹ kò tíì sí nínú rẹ̀.

College Navigator kò sọ bóyá ilé-ìwé láṣẹ láti fúnni ní ìwé I-20, ìwé ilé-ìwé tí wọ́n fi ń béèrè físà F-1. Study in the States, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà mìíràn, ni ẹ ti máa wo ìyẹn. Òfin físà ń yí padà lójijì, nítorí náà ẹ ka ohun tí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Kùtọnu kọ kí ẹ tó san owó kankan. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì "Institutional Research" kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta: àwọn ẹlẹ́físà F-1 mélòó ló wọlé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mélòó nínú wọn ló wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, àti àwọn yunifásítì wo ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, kó má ju ìlà márùn-ún lọ.