Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta Ìjàpá tí kò ní gíláàsì

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń to mọ́tò kéékèèké tí ẹ sì ń kùn wọ́n, ẹ yà sọ́dọ̀ mi díẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń ta páálí (àpótí tí ẹ̀yà ọkọ̀ títò wà nínú rẹ̀) fún wa, ó ní Japan lòun ti ń kó o wá. Ó ti gba ₦62,000 lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bèèrè káàkiri, àwa mẹ́ta la jọ jẹ irú ìyà kan náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ dá mọ̀.

Ọkọ̀ tí mo rà ni Volkswagen 1300 Beetle ti ọdún 1966, tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí Tamiya, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ṣe ní ìwọ̀n 1/24. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n. Ìjàpá aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń gbé wa lọ sílé ìwé n'Ìbàdàn, àwa mẹ́rin ká ara wa sẹ́yìn, àbúrò wa jókòó lé ẹsẹ̀ màámi níwájú. Wọ́n ra tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen níbí l'Ékòó ní 1975, nítorí náà kò bá ti 1966 mu pátápátá. Iná iwájú ti 1966 sùn sẹ́yìn díẹ̀, tiwọn nàró. Ìyẹn kò dùn mí. Ọkọ̀ gidi gùn ju mítà mẹ́rin lọ díẹ̀; ẹ pín in sí ọ̀nà 24, ó di bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí màá ṣe gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́.

Páálí dé, ọ̀rá lára rẹ̀ ń dán yinrin. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá mi, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí o, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde nìyẹn." Mo fi abẹ ya ọ̀rá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí: ẹ̀yà ọkọ̀ kì í wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara ọ̀pá ike ni wọ́n máa ń so mọ́ bí ọsàn ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. Sprue là ń pe ọ̀pá yẹn, lẹ́tà sì máa ń wà lára rẹ̀, A, B, C, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n máa ń wà. Nínú páálí tèmi, wọ́n ti fi nǹkan mímú ge ẹnu ọ̀rá méjì, wọ́n wá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà. Sẹ́lótéèpù tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé ni o, irun èèyàn kan tiẹ̀ há mọ́ ọn.

Mo ka àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà. Mo tún wọn kà. Ara ọkọ̀ wà, táyà wà, ìjókòó wà. Gbogbo ohun tó mọ́ gaara ni kò sí: gíláàsì iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀gbẹ́, ojú iná. Sítíkà olómi, èyí tí a ń rẹ sínú omi ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀, náà ti rìn.

Mo pè é. "Bọ̀ọ́dá, kò sí gíláàsì nínú páálí yìí o."

"Háà! Ilé iṣẹ́ ló gbàgbé, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ọ̀gá mi, mo ní gíláàsì Ìjàpá kan nílẹ̀ níbí. ₦15,000 péré."

Ẹ rò ó wò. Ta ló ń ní gíláàsì Ìjàpá nílẹ̀ láìsí Ìjàpá? Èmi ni mo ra ọkọ̀, àmọ́ ẹni tó tà á fún mi gan-an ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ẹnì kan l'Ábẹ́òkúta ra Nissan Skyline lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá sítíkà nínú rẹ̀, ó sì san ₦12,000 lé e kó tó rí i gbà. Ẹnì kan l'Óṣogbo ra Porsche tí kò ní ojú iná. Ọkùnrin yìí kì í mú ẹ́ńjìnnì, kì í mú ìjókòó. Ohun tí èèyàn kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń yọ, kó lè tún un tà fún ẹni tó ni ín. Mo gbìyànjú láti gé ike ìgò omi ṣe gíláàsì iwájú. Ó rí bíi pé ọkọ̀ náà ti sunkún mọ́jú.

Ọ̀rá tó ń dán kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ẹ ra ọ̀rá yẹn lọ́jà, kí ẹ fi díráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, yóò fún mọ́ páálí bí awọ ìlù. Ìwé àlàyé inú páálí ni ẹlẹ́rìí. Nínú ti Tamiya, wọ́n máa ń ya àwòrán gbogbo sprue sí ẹ̀yìn ìwé náà pẹ̀lú lẹ́tà wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ṣe fídíò fún yín: kó tẹ́ ìwé yẹn sílẹ̀, kó máa gbé sprue kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀, kó fi sítíkà han yín níwájú àti lẹ́yìn. Sítíkà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ti gbó, ó lè fọ́ sínú omi. Bó bá ní òun ò lè ṣí i torí "yóò bà á jẹ́", ẹ dágbére fún un. Ẹni tó ní ọjà gidi lọ́wọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni fídíò yẹn máa gbà á.

Ọ̀dà rẹ̀ tún burú ju páálí lọ. Mo ra X-14 lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn aláwọ̀ ojú ọ̀run, ìgò mílílítà 10. Ọ̀dà Tamiya tó wà ní ìlà X yẹn, òórùn rẹ̀ fara jọ ti spírítì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kó tó gúnni lábẹ́rẹ́. Tèmi ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun mọ́tò ní Ládípọ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀, àmọ́ ojú ń kán mi. Mo kùn ún sí ìdérí búùtù iwájú (Ìjàpá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà). Kí n tó nu búrọ́ọ̀ṣì tán, ojú ike ti bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ bí ojú ògì gbígbóná tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Tíńà mọ́tò gidi ló wà nínú ìgò yẹn, ó sì máa ń jẹ ike. Ẹ rọra gbóòórùn ọ̀dà yín, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ọ̀pá sprue tí ẹ máa jù nù.

Owó ńkọ́? Orúkọ tó wà lára akáǹtì kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní ti àbúrò òun ni. Kò gbà kí n sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "bàbá mi", lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló dí nọ́ńbà mi pa lórí WhatsApp. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ, pe báńkì rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró di ọjọ́ kejì, kí o sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ. Òfin FCCPC (àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà) ti 2018 wà tó ní ọjà gbọ́dọ̀ bá bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ mu. Mo ti kọ̀wé sí wọn, mò ń retí èsì. Ní ti gíláàsì, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé àlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi ní London ló ń bá mi wá a.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí i, orúkọ tuntun, fọ́tò obìnrin kan. Àǹkárá tó máa ń tẹ́ sábẹ́ ọjà rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀: aláwọ̀ ewé, ẹyẹ wà lára rẹ̀, áyọ́ọ̀nù sì ti jó igun kan. Ìjàpá kan wà lórí rẹ̀, ₦58,000, nínú ọ̀rá tó ń dán.