Kíláàsì bíréèkì afẹ́fẹ́ ní Kàbà: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mú omi dání

Nítorí tírélà tí mo fẹ́ máa wà láti Ọbajánà ni mo ṣe forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ kan ní Kàbà. Yàrá wọn gbóná, fáànù kan ṣoṣo, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì jẹ́ ká gbọ́ra.

Àmọ́ ọ̀gá tó kọ́ wa mọṣẹ́. Ìdí ọkọ̀ gan-an ló kó wa lọ. Ó fi igi dí táyà, ó tú bíréèkì ìdúró, a wá ń wo gééjì bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kún tánkì títí dé nǹkan bí 120 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tan kọ́kọ́rọ́ padà, ó ní kí n máa tẹ bíréèkì léraléra. Nígbà tó kù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ já wálẹ̀ sí 60, iná pupa ìkìlọ̀ tàn, ó ń ké. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Láìpẹ́, bọ́tìnnì bíréèkì ìdúró fò jáde fúnra rẹ̀! Sípíríńgì ló ń di táyà mú, afẹ́fẹ́ ló ń tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ àtijọ́ ni kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n wò.

Ó kọ́ wa láti máa tú omi inú tánkì afẹ́fẹ́ dànù lójoojúmọ́, àti láti wọ gíà kékeré kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ òkè.

Ìbéèrè ìdánwò láísẹ́ǹsì ni wọ́n sáré kọjá. Owó wọn le díẹ̀. Ẹ má lọ ní Sátidé, èrò kì í jẹ́ kéèyàn rí gééjì.