Àgbéyẹ̀wò ọ̀nà conjugal partner ti Kánádà, fún akọ sí akọ àti abo sí abo láti ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi

Ọ̀nà yìí, tí ẹni tó wà ní Kánádà lè fi mú olólùfẹ́ tí kò ṣeé ṣe fún un láti fẹ́ tàbí láti bá gbé wọlé, ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó ń gbé Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, mo fi í ṣáájú ọ̀nà yòówù tí mo mọ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀rí ìfẹ́ nìkan ni wọ́n ń kó jọ, wọn kì í kó ẹ̀rí ìdènà jọ, ìyẹn ẹ̀rí ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó tàbí kí wọ́n jọ gbé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ìdènà ni òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de kọ́kọ́ ń wá.

Láti July 2005 ni ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo ti bófin mu jákèjádò Kánádà. Onígbọ̀wọ́ tó jẹ́ ọmọ Kánádà, tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú níbẹ̀, lè mú ẹnì kejì rẹ̀ wọlé ní ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìgbéyàwó. Èkejì ni common-law, ti àwọn tó ti jọ gbé fún oṣù 12 láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹta ni conjugal partner: ẹ ti ń fẹ́ra fún ó kéré tán ọdún kan, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé wà lẹ́yìn odi Kánádà, ohun tó ju agbára yín lọ ni kò sì jẹ́ kí ẹ ṣègbéyàwó tàbí kí ẹ jọ gbé. Amẹ́ríkà kò ní irú ẹ̀kẹta yìí. Níbẹ̀, bí kò bá sí ìgbéyàwó, físà àfẹ́sọ́nà K-1 ló kù.

Ẹni tó bá kàn jẹ́ àfẹ́sọ́nà, tí kò sí ohun tó dí i lọ́nà, kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà conjugal partner ti Kánádà. Wọ́n á kọ̀ ọ́.

Ìdènà tiwa hàn gbangba. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní January 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ó sì fi ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ wá ẹ̀dà òfin náà, ẹ fa ìlà sábẹ́ abala 1 àti abala 5, kí ẹ fi í mọ́ ìwé yín. Ṣùgbọ́n kò tó. Ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni pé kí ló dé tí ẹ kò lọ ṣe é ní South Africa, níbi tí òfin ti gbà á láti 2006. Ìwé ni kí ẹ fi dáhùn, kì í ṣe ẹnu: lẹ́tà físà tí wọ́n kọ̀, àkọsílẹ̀ owó báǹkì tó fi hàn pé owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí, lẹ́tà ibi iṣẹ́ tí kò fúnni láyè. Bí onígbọ̀wọ́ bá ti ṣe ìwé ìpè fún àbẹ̀wò sí Kánádà tí wọ́n sì kọ físà náà, lẹ́tà kíkọ̀ yẹn wúlò ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ. Ẹ má fà á ya.

Àwọn ejẹ́ntì kan ń polówó ìgbéyàwó orí Zoom láti Utah ní Amẹ́ríkà. Fún Kánádà, owó yín á ṣègbé. Láti June 2015, wọn kì í fi ìgbéyàwó tí ẹni méjèèjì kò sí níbẹ̀ gan-an gba ènìyàn wọlé, yálà orí fóònù ni o, yálà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fọ́ọ̀mù tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ jù ni IMM 5532. Ó ń béèrè bí ẹ ṣe pàdé, àwọn tó mọ̀ nípa yín, àti bóyá ẹbí ti rí ẹnì kejì. Nílé wa, níbi tí gbogbo agboolé ti mọ ara wọn, òótọ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná: "Ìyá mi mọ̀ ọ́n sí ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀, ó máa ń bi mí léèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹbí bá mọ ohun tó wà láàárín wa, wọ́n á lé mi jáde, ẹnikẹ́ni sì lè fẹjọ́ mi sun ọlọ́pàá." Irú gbólóhùn báyìí ń sọ ohun tí òṣìṣẹ́ náà fẹ́ mọ̀. Ohun tó ń fa kíkọ̀ ni kí ẹnì kan kọ pé ẹbí mọ̀, kí ẹnì kejì ní wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè gbọ́ tẹnu yín.

Nínú ẹjọ́ M. v. H. ní 1999, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Kánádà to àwọn àmì àjọṣe tó dà bí ti tọkọtaya: ibùgbé, ìbálòpọ̀, iṣẹ́ ilé, owó, ọmọ, àti ojú tí àwùjọ fi ń wo àwọn méjèèjì. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ pé. Níwọ̀n ìgbà tí ti àwùjọ kò ti lè sí, ẹ jẹ́ kí ti owó àti ti ètò ọjọ́ iwájú lágbára: rísíìtì owó tó ń lọ tó ń bọ̀ lóṣooṣù, orúkọ ẹnì kejì níbi tí báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ti ń béèrè ẹni tó súnmọ́ yín jù. Ọ̀rọ̀ WhatsApp, ojú ewé kan tàbí méjì láti oṣù kọ̀ọ̀kan dára ju ogójì ojú ewé láti ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Èyí tó bá jẹ́ Yorùbá tàbí Owé (ẹ̀ka èdè Kàbà), ẹ gba ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ atúmọ̀ èdè, kì í ṣe lọ́wọ́ ara yín.

Fún ìpàdé ojúkojú, Cotonou ni mo fọwọ́ sí. Orílẹ̀-èdè Benin kò ní òfin tó ń fi àwọn bíi tiwa sẹ́wọ̀n, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò sì nílò físà níbẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà yín ní ẹnubodè Sèmè. Àìmọye ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹ̀rí wọn sì ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ má lọ tẹ ìwé ìbéèrè yín ní káfè. Ohun tí ẹ bá ṣí níbẹ̀ á wà nínú fódà Downloads, ẹni tó bá jókòó tẹ̀lé yín á sì rí i. IMM 1344, fọ́ọ̀mù ìgbọ̀wọ́, kì í ṣí lórí fóònù: ojú ewé kan tó ń ní kí ẹ dúró ni á máa gbé jáde títí, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà tó ní Adobe Reader nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí onígbọ̀wọ́ ṣe ti kọ̀ǹpútà ní Kánádà. Kí ẹ tó gbéra lọ Abuja fún ìtẹ̀ka, ẹ kó ẹ̀rí kúrò lórí fóònù. Ọ̀nà kọnkéré Kàbà sí Obajana dára, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá máa ń dá ọkọ̀ dúró láti Lọ́kọ́jà lọ, wọ́n sì lè ní kí ẹ ṣí fóònù. Ọjọ́ 30 ni lẹ́tà ìtẹ̀ka ń fún yín, nítorí náà ẹ tètè mú ọjọ́.

Ìwé tí ẹ máa gbà nílé, ní Nàìjíríà, kò le. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí á lọ sí ọ́fíìsì NPC (àjọ ètò ìkànìyàn) ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀: Ìyàrà fún Ìjùmú, Odò-Èré fún Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí orúkọ ṣe wà lórí NIN àti ìwé ìrìnnà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ búra ní kóòtù kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi ìwé ọlọ́pàá, èyí tó ń sọ bóyá ẹ ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, ṣe, "ìrìn-àjò" ti tó.

Owó tí wọ́n gbé jáde ní April 2024 ni $1,205 ti Kánádà: $85 ìgbọ̀wọ́, $545 fún yíyẹ ìwé wò, $575 ẹ̀tọ́ ìgbélùú. Ìtẹ̀ka jẹ́ $85 lọ́tọ̀, owó àyẹ̀wò ìlera kò sì sí nínú rẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún owó ìgbélùú gbé yẹ̀wò, nítorí náà ẹ wo ojú òpó wọn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san án.

Èyí ni mo bẹ̀ yín sí: ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ẹ bí, àti ìgbéyàwó tí ẹbí ti fi yín ṣe rí. Ọmọ tí ẹ bá fi pamọ́, tí wọn kò sì yẹ̀ wò, ẹ lè má lè mú un wá lọ́nà ẹbí mọ́ láéláé. Irọ́ nínú ìwé, wọ́n lè fi ọdún márùn-ún tì yín síta. Ẹni tí wọ́n sì gbà wọlé lọ́nà yìí kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún olólùfẹ́ mìíràn títí ọdún márùn-ún á fi pé.