Àwo Íntánẹ́ẹ̀tì Alágbèéká ní Ìkòròdú: Ẹ Wo Òkè Kẹ́ Ẹ Tó Rà Á

Tẹ́ ẹ bá ń gbé nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sabó, tí ògiri ilé kejì dojú kọ fèrèsé yín, ẹ má ra Starlink Mini, àwo kékeré tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì yìí. Owó yín á gbé. Ẹni tí onílé gbà láyè láti gun òrùlé ló wà fún, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé kiri. Èmi máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, nítorí náà mo wà nínú àwọn tó ń gbé kiri.

Àwo náà kò wúwo ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ó ń wọ àpò kọ̀ǹpútà mi, ráútà tó ń pín Wi-Fi sì ti wà nínú rẹ̀. Kò le tò rárá.

Òkè ni wàhálà wà. Aládùúgbò mi ní kí n kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tẹlifíṣọ̀n òun, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú kan ni sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n máa ń wà, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ilé méjì sì ti tó o. Ti íntánẹ́ẹ̀tì yìí ò ju nǹkan bí 550 kìlómítà lọ, ńṣe ni wọ́n sì ń sáré kọjá. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni àwo ń fò mọ́ òmíràn. Bí igi máńgòrò bá dí ọ̀nà èyí tó kàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dá, á tún padà. Ẹni tó ń wo fíìmù lè má mọ̀, àmọ́ ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lójú fídíò á kàn rí i tó ń la ẹnu lásán ni. Áàpù rẹ̀ máa ń fi kámẹ́rà fóònù yẹ ojú ọ̀run wò, ẹ sì lè ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó rárá.

Lórí òrùlé, ó ń sáré dáadáa, àmọ́ tó bá di alẹ́, ó máa ń falẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pín agbára sátẹ́láìtì kan náà, àwa tá a wà lórí ètò alágbèéká la sì ń tò sẹ́yìn. Òjò ńlá náà máa ń dà á rú díẹ̀.

Wáàtì 25 sí 40 ló ń jẹ, páwà báǹkì fóònù lásán ò lè gbé e. Bátìrì 12-volt ni mo ń lò. (Àwa tí ilé iṣẹ́ iná Egbin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la tún ń wá bátìrì kiri o!)

Èbúté ló ti dáa jù fún mi, létí ọ̀sà níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò. Kò sílé, kò sígi. Mo gbé e lé orí mọ́tò mi, fídíò tí ì bá fi gbogbo òru lọ lórí síìmù ti dé ọwọ́ ìyàwó tuntun kí n tó jẹ ẹ̀bà tán. Nílé, síìmù ni mo ṣì fi ń pe èèyàn. Àwo wà fún fáìlì ńlá àti fún òde Ẹ̀pẹ́.