Ìkìlọ̀: ẹ má ra mọ́tò tí wọ́n ti tan sílẹ̀ kí ẹ tó dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá mọ́tò ńlá tó ń gbéni jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọgbà mọ́tò kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Apapa sí Oshodi ti lù wá ní jìbìtì.

Màmá mi la fẹ́ rà á fún. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, Èkó ni dókítà wọn wà. Bí wọ́n bá fi máa dé láti ìrìn àjò yẹn, dídì la ń dì wọ́n mú sọ̀kalẹ̀. Èmi àti àbúrò mi bá da owó jọ pé Mercedes S550 la máa rà, èyí tí atẹ́gùn inú rọ́bà gbé dúró dípò sípíríǹgì irin.

Aago mọ́kànlá ni wọ́n dá fún wa. Nígbà tí a dé, mọ́tò ti wà ní títàn, AC ti mú inú rẹ̀ tutù, ó sì dúró lókè dáadáa. A gbé e jáde fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, Màmá ò mọ̀ ọ́n lára níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àfi bíi pé orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo wà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi sanwó lójú ẹsẹ̀, láìmú mẹkáníìkì kankan lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo jáde síta, mo bá igun iwájú lọ́wọ́ òsì tó ti wọlẹ̀ bá táyà. Ìka mi kan ṣoṣo ò gba àárín wọn. Mo tan án, ọ̀rọ̀ pupa yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé kí n dúró, mọ́tò ti wọlẹ̀ jù. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó gbéra.

Mẹkáníìkì wa tú táyà, ó da omi ọṣẹ sára rọ́bà atẹ́gùn náà, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Súlúṣọ̀n tí àwọn fọkanáísà fi ń lẹ tíúbù ni wọ́n fi kun ibi tó ya. Ó ti gbẹ, ó ń ṣí bí èèpo. Ó wá ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà mọ́tò: kìlómítà 151 péré ló ti rìn látìgbà tí wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ àléébù rẹ̀ rẹ́. Ìrìn Èkó sí Ìbàdàn náà nìyẹn! Àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ gan-an ni wọ́n pa á rẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Rọ́bà yẹn máa ń gbó, á sán, atẹ́gùn á máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti wà ní títàn, kọ̀ǹpùréṣọ̀ á máa fẹ́ òmíràn sí i, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Nígbà tó bá yá, kọ̀ǹpùréṣọ̀ náà á jóná. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Tó bá gbóná, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ó sùn mọ́jú ní pípa, kí ẹ padà wá wọn bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ga tó.

Ọdún rẹ̀ pàápàá, irọ́ ni. Wọ́n ní 2010. Nọ́ńbà ẹyọ 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ kà á dé ìkẹwàá: lára mọ́tò Amẹ́ríkà, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Tiwa, 8 ni.

Àwọn kan tiẹ̀ máa ń yọ atẹ́gùn kúrò, wọ́n á ki irin olówó pọ́ọ́kú bọ̀ ọ́, wọ́n á pa iná ìkìlọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ á máa ta yín sókè. Ní tèmi, ẹni tí kò bá lówó rọ́bà tuntun, kó wá Toyota Avalon 2005 sí 2012, orí sípíríǹgì ni tirẹ̀, ó sì rọ̀ dáadáa. Lexus LS 460 náà dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lo atẹ́gùn, ẹ bi wọ́n.

Nígbà tí mo pè wọ́n, ọmọkùnrin tó tà á fún wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á." Látìgbà náà, wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí lónìí ni pé S550 mìíràn ṣì wà lọ́gbà wọn, aláwọ̀ fàdákà. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo rí i láti ẹ̀yìn géètì, ìdí rẹ̀ ti jókòó lé táyà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, wọ́n ti tan án, ó ti dìde.